Ọkọ̀ Ológun Mi àti Ọmọ Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fi fóònù yín sápò díẹ̀. Ẹ ti ya fọ́tò ọkọ̀ náà tó. Ẹ ya imú rẹ̀, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì ń wò ó, n kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ béèrè kẹ́yìn yẹn, pé kí n tan án kí ohùn rẹ̀ lè wọ inú fídíò yín, ibẹ̀ ni mo ti ní rárá. Mo rí i pé ojú yín fà ro. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe. Ẹni tó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tún ọkọ̀ kan ṣe, kò sí ohun tó wù ú ju pé kí ènìyàn gbọ́ ọ kó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.” Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rù náà ṣe wọ inú ohun tí mo fẹ́ràn.

Minna yìí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe. Òun ló ń fi pákó kan ara ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti pákó. Ní ìgbà náà, ohùn la fi ń mọ gbogbo nǹkan. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí mo bá gbọ́ òòlù bàbá mi láti ọ̀nà ilé ìwé, mo ti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i. Bí àwọn ọkọ̀ ológun bá sì ń bọ̀, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn abọ́ ìyá mi yóò máa lu ara wọn lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ìró ẹ́ńjìnnì yóò dé, ìró kan tó jinlẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kùn sí ara rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni o, ọmọ Nupe ni o, ọmọ Gbagyi, ọmọ Hausa, gbogbo wa á tú síta. “Soja! Soja!” A ó máa sáré tọ̀ wọ́n. Àwọn ṣọ́jà náà á máa rẹ́rìn-ín, wọn á máa ju bísíkíìtì sí wa, bísíkíìtì tó le tó jẹ́ pé inú tíì gbígbóná la ti ń rẹ ẹ́ kí eyín tó lè ràn án. Ìyá mi á ní kí a má sún mọ́ ọkọ̀ jù. Kò sọ rí pé kí a sá fún un.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mekáníìkì ni mo jẹ́ títí di ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo wà nílé láìríṣẹ́ ṣe ni mo rí ọkọ̀ akẹ́rù ológun yìí lẹ́yìn ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù. Táyà kò sí. Gíláàsì kò sí. Oyin ti tẹ̀dó sínú táǹkì epo. Igi dongoyárò kan ti hù lábẹ́ rẹ̀, ó gba ibi ìjókòó awakọ̀ kọjá, ó sì yọ orí sójú fèrèsé bí ẹni pé òun ni dírẹ́bà.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé àdúgbò Maitumbi níbí, ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ àyà.

“Bàbá Fúnmi, kí lèyí?”

“Ọkọ̀ ni.”

“Mo mọ̀ pé ó ti jẹ́ ọkọ̀ rí. Mo ní, kí ni?”

 Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ló dé yìí.

Ọ̀rẹ́ mi Ndagi ló gbọ́, tó sì wá wò ó. Nupe ni, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, irú ọkọ̀ yìí gan-an ló sì máa ń wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó ní, “Èyí tí mo máa ń wà tóbi jù ú lọ díẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í wá. Àwa arúgbó méjì. A gé igi náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ya irin. A fi èéfín lé oyin. Ohun tí a kò rí rà, a fi ọwọ́ ṣe é: a ń tẹ páálí mọ́ ojú irin, a ń fi òòlù kékeré lù ú léti títí yóò fi gé gẹ́lẹ́ bí gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí epo ẹ́ńjìnnì jò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi etí tẹ irin gígùn kan, á fi ẹnu irin náà ti ara ẹ́ńjìnnì, á sì sọ ibi tí àìsàn wà. Lónìí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ tí yóò sì máa kọ nọ́ńbà. N kò bú wọn. Ọkọ̀ ìgbàlódé kì í sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá a kọ̀wé.

Ọdún kẹta ló tó jí. Ndagi fi irin yí i láti iwájú, ó yí, ó yí, ó bú ní èdè Nupe, ó tún yí i. Lójijì ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abọ́ lu ara wọn nínú ilé ìdáná Ìyá Fúnmi. Kí n tó nu omi ojú mi, àwọn ọmọ àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, “Motar soja! Motar soja!” Wọ́n sáré wá. Ẹ ò rí i pé ayé ṣì dára nígbà náà.

Ọ̀gágun kan tó ń gbé nítòsí wá kìlọ̀ fún mi pé aráàlú kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ tó ní àwọ̀ ewé ológun jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kùn ún ní àwọ̀ òféèfé tí ẹ ń wò yìí. Àwọ̀ ni mo pa dà. Ohùn kò pa dà.

Bí Kérésì bá dé, òun ló ń gbé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa kiri, láti Maitumbi dé Tunga, a ó yí gba Tunga Low Cost bọ̀. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí á gbé omi tútù àti zobo dúró dè wá lójú títì. Bí Sallah bá dé, àwọn ọmọ tiwọn ló ń gùn ún, wọn á wọ bàbáńrígá kékeré, wọn á dúró gangan bí ẹni pé gómìnà ni wọ́n. Ọdún kan wà tó kú mọ́ wa lábẹ́ ní àárín Tunga, tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Gbogbo akọrin bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń tì í, wọ́n ń kọrin. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà pásítọ̀ ya kúrò, ó sì fi bàtà kan wàásù lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni iṣu. Bí ìkórè ìjọ bá ku ọ̀la, èmi àti Ndagi á lọ sí abúlé Gbagyi kan, ìkọjá Maitumbi lọ́hùn-ún, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, láti lọ kó iṣu ìdúpẹ́. Mai unguwa tó jẹ́ baálẹ̀ wọn ti di ọ̀rẹ́ mi. Láti òkè ni wọ́n ti ń gbọ́ wa. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé, wọ́n ti to iṣu sábẹ́ igi èmi, igi tí a ń rí òrí nínú èso rẹ̀, àwọn obìnrin ti gbé kunu síta, àwọn ọmọdé ti sáré pàdé wa dé odò. “Baba mai doya ya zo!” Bàbá oníṣu ti dé. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ kò nílò kí n tún ìròyìn sọ. Àwọn agbébọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé. Lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Ọdún mẹ́ta ni n kò fi lọ. Mo ń fi owó ra iṣu ìkórè ní ọjà bí àlejò. Nígbà tó di ọdún kẹrin, wọ́n ní ìhà ibẹ̀ ti rọlẹ̀. Mai unguwa ránṣẹ́ sí mi pé iṣu wọn ta dáadáa, kí n máa bọ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni. Ìyá Fúnmi tẹ̀lé mi dé ìdí ọkọ̀.

“Bàbá Fúnmi, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra.”

Mo pe mai unguwa lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lọ. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni kò dára.

“Nígbà náà ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ọ̀kadà ṣíwájú yín. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ̀. Kì í ṣe ayé ìgbà yẹn la wà mọ́.”

“Ọ̀la ni ìkórè, Ìyá Fúnmi.”

“Mo mọ ọjọ́ ìkórè. Ohun tí mo ń sọ kọ́ nìyẹn.”

Mo tan ọkọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù lónìí nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi. Ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi kedere nínú ilé ara mi, mo sì fi ariwo ẹ́ńjìnnì bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Koríko ti bo àwọn oko tí a máa ń juwọ́ sí. Ibi ọjà kékeré tí a ti máa ń ra ẹ̀pà, igi àtíbàbà nìkan ló kù. Ndagi, tó jókòó tì mí, ti mú tẹ̀sùbáà jáde, ó ń fà á. Ó yíjú sí mi, ó ní:

“Ṣé o rí i pé a kò tíì rí ọmọdé kankan?”

Mo ní, “Wọ́n á wà nílé ìwé.”

“Sátidé nìyí.”

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.  Ó yẹ kí n yí pa dà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rìn dé ìdajì odò, ibo ló fẹ́ pa dà sí? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Epo tí mo rà ní ọjọ́ tó ṣáájú kò mọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè sí abúlé náà, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, ọkọ̀ náà húkọ́, iná sì bú láti ẹnu páìpù èéfín. Gbàù! Gbàù! Ẹ̀ẹ̀mejì, bí ìró ìbọn. Ndagi di apá mi mú.

“Pa á! Pa ẹ́ńjìnnì!”

Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ọkọ̀ yí dé abẹ́ igi èmi, kò sí ẹnìkankan. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, ọbẹ̀ ń hó. Rédíò kan ń sọ Hausa lórí ẹní. Bàtà sílípáàsì fọ́nká sójú ọ̀nà, ọ̀tún níbí, òsì lọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ kan ń jẹ ìyẹ̀fun tí ẹnì kan dà sílẹ̀ nígbà tó ń sá. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á fò. Èmi ni okùn náà.

Ndagi ní kí n má yára. Kí n ṣílẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹni tó ní ìbọn nínú igbó yẹn, kò mọ̀ pé iṣu lo wá kó.” A dúró nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, àwa arúgbó méjì, a nawọ́ sókè bí olè.  Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn àwọn igi mángòrò: “Wane ne?” Ta nìyẹn?

“Ni ne,” mo ní. “Baba mai doya.” Èmi ni, Bàbá oníṣu.

Ẹ̀ṣọ́ abúlé kan yọ jáde pẹ̀lú ìbọn ọdẹ. Ó ti nà án sí wa. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀, ó sì sọ ìbọn kalẹ̀ bí ẹni tí agbára tán nínú rẹ̀. “Haba, Baba,” ló ní. “Haba.” Ó jókòó sílẹ̀, ó gbá orí mú. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn ju ìyẹn lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ láti inú igbó. Wọ́n ń kí mi, ẹ gbọ́ o, wọ́n ṣì ń kí mi. “Sannu, Baba.” Ìyá àgbàlagbà kan ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orúnkún rẹ̀. Mai unguwa fúnra rẹ̀ jáde, ẹ̀gún wà ní fìlà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku, ó sì ní kí n dìde, kí n má fi ọjọ́ orí mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn, agboolé kan tẹ̀lé òmíràn. Mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n kà. Kì í ṣe ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé agboolé kẹfà, ó dúró.

“Talatu dà?”

Kò sẹ́ni tó rí Talatu. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ọjà láti ìdájí, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ṣubú náà. Ìyá àgbà náà bú sẹ́kún. Ó ní òun di ọwọ́ ọmọ náà mú, òun kò mọ ìgbà tí ọwọ́ bọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò tíì bímọ. Ẹ kò mọ ohun tí ń ṣe ènìyàn nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá sọnù nítorí rẹ̀. A wọ igbó. “Talatu! Talatu o!” Igbó dákẹ́. A dé odò, mo ń wo omi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti wò ó. Mo yọjú sínú kànga, mo pe orúkọ rẹ̀ sí i, mo tẹ́tí. N kò lè sọ fún yín ohun tí mo retí láti gbọ́. Oòrùn dé àárín orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ.  Mo pa dà sí àárín abúlé, mo fẹ̀yìn ti àká ọkà kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, èyí tó dúró lórí òkúta mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, mo ń mu omi. Níbẹ̀ ni mo ti gbàdúrà jáde ní ohùn òkè, ní Yorùbá. Mo ní, “Olúwa, bí ó bá jẹ́ pé mo gbọdọ̀ sanwó ìwà òmùgọ̀ mi, má ṣe fi ọmọ ọlọ́mọ gbà á.”

Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo gun ọkọ̀ láti fọn fèrè rẹ̀, pé bóyá ọmọ náà yóò mọ̀ pé ewu ti kọjá. Ndagi gbá ọwọ́ mi dànù kúrò lára rẹ̀.

“Ohun tó ń sá fún lo fẹ́ fi pè é?”

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún mai unguwa pé bóyá ọmọ náà kò gbọ́ wa ni, torí gbogbo ènìyàn ló ti pè é, kò sì jẹ́. Ó mi orí.

“Bó gbọ́ náà, kò ní í jẹ́. A ti kọ́ wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ńlá tàbí ìbọn, kí wọ́n sá pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pè wọ́n, kí wọ́n dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ló ń pè. Àwọn agbébọn tó wá ní ìdúnta, wọ́n mọ orúkọ wa, Baba. Orúkọ ni wọ́n ń pè wá. Àwọn tó jẹ́, àwọn ni wọ́n kó lọ.”

 Láyé tèmi, ọmọ tí àgbà pè tí kò jẹ́, wàhálà ti dé. Ìyá Fúnmi ló ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kò sì gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ́ àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, “Bí wọ́n bá pè ọ́ tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ, kọ́kọ́ jẹ́, kí o tó gbé e mì.” Ìwà ọmọlúàbí la fi pè é. Àwa la sì tọ̀nà, nígbà yẹn.

“Ta ni yóò wá jẹ́ fún?” mo béèrè.

“Ìyá rẹ̀.”

Ẹ̀ṣọ́ náà gun ọ̀kadà, ó lọ wá ìyá rẹ̀ ní ọjà. Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ju kí a dúró. Ẹnikẹ́ni kò jẹun. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná ti jóná, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ndagi ń fa tẹ̀sùbáà, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ń wo ọkọ̀ mi lábẹ́ igi èmi, ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi jí dìde, n kò sì fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ó lé ní aago mẹ́ta kí obìnrin náà tó dé. Ó bọ́ láti orí ọ̀kadà kí ó tó dúró, igbá ọjà rẹ̀ ṣì wà ní èjìká bí ìṣe àwọn obìnrin Gbagyi. Kò kí ẹnìkankan. Kò wo ojú mi. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó dúró láàárín abúlé, ó sì pe ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. Orúkọ mìíràn ló pè é, orúkọ ilé, ní Gbagyi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ bu omi.

Ìbòrí koríko orí àká tí mo fẹ̀yìn tì ṣí sókè. Orí ọmọ kékeré kan yọ.

Inú àká náà ló wà. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó gbọ́ nígbà tí mo ń pè é. Ó gbọ́ nígbà tí mo ń mu omi, tí mo ń gbàdúrà, tí ẹ̀yìn mi kan amọ̀ tí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà kàn. Amọ̀ tí kò ju ìka mẹ́rin lọ ló wà láàárín wa, ó sì mú èémí rẹ̀ dání títí mo fi kúrò.

Ìyá rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ rẹ̀ tutù, ó ti tọ̀ sára. Kò sunkún. Mai unguwa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Talatu, ṣé o gbọ́ wa?” Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. “Gbogbo ìgbà tí a ń pè ọ́?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá wo ojú ìyá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lórí. Ìgbà náà ni obìnrin náà tó yíjú sí mi.

“Baba,” ó ní, “ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ kì í ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn wá mọ́.”

Mo ní, “N kò ní í gbé e wá mọ́.”

A ní láti lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò sì lè tan ọkọ̀ náà níwájú ọmọ yẹn. Mai unguwa rí i lójú mi. Ó pe àwọn ọkùnrin. Gbogbo wọn wá, wọ́n fi èjìká tì í, irin ńlá yẹn, wọ́n tì í gba ẹ̀gbẹ́ odò jáde ní abúlé, ẹnu kò sọ̀rọ̀, kìkì èémí wọn àti táyà tó ń tẹ òkúta. Wọ́n tì í kọjá orí ìdàgẹ̀rẹ̀ kejì. Iṣu tiwọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Mai unguwa ní iṣu kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí abúlé kò ti lè gbọ́ wa dáadáa mọ́ ni mo ti tan án.

Ọjọ́ náà ló rìn kẹ́yìn. Mo ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Mo ń fi gírísì pa á, mo ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà ní Sátidé kí ó má baà dì, èmi àti Ndagi, a sì ń bá a sọ̀rọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò yìí náà ti yàtọ̀. Àwọn ará abúlé tó sá wá pọ̀ ní Maitumbi báyìí. Obìnrin tó ń ta kóko ní ìkòríta yẹn, ẹ kò mọ ibi tó ti sá wá. N kò fẹ́ mọ ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́ rí.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ ni n kò lè gbàgbé. Ohun tí mo bá nílé ni.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ nígbà tí mo dé. Ìyá Fúnmi bu omi fún mi, ó jókòó tì mí, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Mo ń retí kí ó sọ pé ṣebí òun sọ ọ́. Kò sọ ọ́. 

“Ọmọ ọdún mẹ́fà,” ó ní. “Ó sì dákẹ́ láti àárọ̀.”

“Ó dákẹ́.”

“Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.”

Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó pe àwọn ọmọ-ọmọ wa méjì tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, Ayọ̀ àti Débọ́rà. Wọ́n jẹ́ kíá, “Màmá!”, wọ́n sì sáré wọlé. Ó mú wọn jókòó síwájú rẹ̀ bí ó ti máa ń mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi jókòó. Ó sọ fún wọn pé bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò, bí wọ́n bá gbọ́ ìbọn tàbí igbe, kí wọ́n sá pamọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni, àfi tòun.

Débọ́rà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

“Màmá, bí ó bá jẹ́ Bàbá ló ń pè wá ńkọ́?”

Ìyá Fúnmi wò mí. Mo rí i pé ó ń dùn ún, mo sì rí i pé kò ní í yí i pa dà. Ìbọn lè wà lẹ́yìn ẹni tó ń pè. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bí ó tilẹ̀ jẹ́ Bàbá,” ó ní. “Ó yá, ẹ lọ sá pamọ́.”

Wọ́n sáré lọ. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn kan, mo gbọ́ àga tó wọ́ nílẹ̀, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyàwó mi ní kí n pè wọ́n.

Mo pe Ayọ̀. Mo pe Débọ́rà. Mo pè wọ́n ní oríkì wọn, bí mo ti máa ń ṣe bí mo bá mú súyà bọ̀ láti Tunga. Mo rìn láti yàrá dé yàrá nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, mo ń pe ọmọ tèmi. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyá Fúnmi fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ tún pè wọ́n.”